Nígbà Tí Ṣíkínpọ́ọ̀sì Bá Ju Ìtọ́jú Ilé Lọ

Lónìí a fẹ́ ka ọ̀rọ̀ nípa àrùn kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbolé tí kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ gùn díẹ̀ lójú ìwé. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ pè é ní wẹ́wẹ́: ṣí-kín-pọ́ọ̀-sì. Ẹ tún un pè pọ̀: ṣíkínpọ́ọ̀sì. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á máa lọ.

A ó fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyàwó ilé kan ń wẹ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó rí ìléròrò mẹ́ta ní àyà ọmọ náà. Ara ọmọ ti gbóná díẹ̀ láti àná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìléròrò náà ti ju ogún lọ. Ó dé ojú, ó dé ẹ̀yìn, ó wọ inú irun. Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, ó wo ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, má jáyà. Olóde lásán ni. Ọkọ rẹ náà ṣe é nígbà tó wà ní kékeré. Bó bá di ọjọ́ keje, ó ti lọ nìyẹn."

"Màmá, ṣé ẹ ò rò pé kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì?"

"Nọ́ọ̀sì kẹ̀? Kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ ṣe sí i? Fi ẹmu wẹ̀ ẹ́, kí o jẹ́ kó sinmi."

Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ yìí, òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ó ń ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì ni ara wọn ń yá nílé láìsí wàhálà. Àwa náà kò ní kí ẹ máa sá tọ dókítà lọ nítorí ìléròrò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí àrùn yìí máa ń yí padà mọ́ lọ́wọ́. Irú wọn ni à ń dá dúró sí ọsibítù, àwọn mìíràn kò sì ń padà wálé. Nítorí wọn ni a ṣe ń kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ orúkọ ká. Àwọn kan ń pe àrùn yìí ní olóde, àwọn kan ń pè é ní ilẹ̀ẹ́gbóná, ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, ìgbóná ni wọ́n ń pè é. Àwọn orúkọ kan náà ni àwọn bàbá wa fi ń pe ṣọ̀pọ̀ná, àrùn tí ó ń sọ agbolé di ahoro láyé àtijọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn àgbà láti dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ṣọ̀pọ̀ná, ọ̀tọ̀ ni ṣíkínpọ́ọ̀sì. Ṣọ̀pọ̀ná ti tán nílé ayé. Ọdún 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ọdún 1977 ni ó jà kẹ́yìn láàárín ìlú, ní ilẹ̀ Sòmálíà. Nígbà tí ó di 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti parẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó lé e lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìléròrò lára ọmọ lónìí, kì í ṣe ṣọ̀pọ̀ná, kì í sì í ṣe pé ìyá rẹ̀ ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àrùn mìíràn wà tí ó jọ ọ́, mpox ni orúkọ rẹ̀. Ó tún yọjú ní Nàìjíríà ní 2017, ó sì ti ń da àwọn ènìyàn láàmú láti ìgbà náà. Ti mpox, kókó a máa wú ní ọrùn tàbí ní abẹ́ ìtan, ìléròrò a sì máa yọ sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ti ṣíkínpọ́ọ̀sì, àyà, ẹ̀yìn àti ojú ni ó máa ń pọ̀ sí, kì í sì í yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá wo ọmọ náà lọ́jọ́ kẹta, ẹ ó rí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ẹ ó rí èyí tí ó ti gba omi, ẹ ó sì rí èyí tí ó ti di èépá, gbogbo rẹ̀ lójú kan. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wò ó.

Kòkòrò kan ni ó ń fa ṣíkínpọ́ọ̀sì. Ẹ má rò pé ó dà bí kòkòrò inú ẹ̀wà o. Ojú lásán kò lè rí i. Ó ń bá afẹ́fẹ́ rìn láti ara ẹni tí ó ń ṣe é, omi inú ìléròrò náà sì ń kó o ran ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Bí ó bá wọ ilé kan, nínú ènìyàn mẹ́wàá tí kò ṣe é rí, ó lè mú mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó kó o lónìí kò ní ṣàìsàn lọ́la. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó máa ń gbà kí ó tó hàn, ó lè yá tó ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé ọmọ ti lè máa kó o ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ kan tàbí méjì kí ìléròrò kankan tó yọ. Kò sì ní yéé kó o ran ènìyàn títí gbogbo ìléròrò yóò fi gbẹ di èépá.

Ó dára. Kí ni ó wá ń gbé ọmọ dé ọsibítù?

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti awọ ara. Awọ ara wa dà bí ògiri ilé. Àwọn kòkòrò àrùn mìíràn wà tí ó ń gbé lórí awọ wa, nínú ihò imú wa àti lábẹ́ èékánná wa lójoojúmọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri bá dúró, wọn kò rí wa gbé ṣe. Ṣùgbọ́n ìléròrò ṣíkínpọ́ọ̀sì a máa yún ọmọ gan-an, ọmọ a sì máa họ ọ́. Ìléròrò kọ̀ọ̀kan tí ó bá họ là, ihò kan ni ó dá sára ògiri. Ọmọ kan lè ní ìléròrò 250 títí dé 500. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò díẹ̀: bí ọmọ tí ó ní 300 bá họ ìdajì rẹ̀ là, ihò mélòó ni ó ṣí sílẹ̀? 150 ni. Ọ̀nà 150 ni àwọn olè lè gbà wọlé.

Bí àwọn kòkòrò yìí bá wọlé, ojú egbò náà lè gba ọyún tàbí kí ó di oówo. Ìyẹn ṣì kéré. Wọ́n lè wọ abẹ́ awọ lọ, kí ẹsẹ̀ tàbí apá wú, kí ó gbóná bí iná. Wọ́n tún lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri ara. Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ni èyí tí ó ń jẹ ẹran ara láti abẹ́, tí awọ òkè kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ọmọ a máa ké ìrora tí ó ju ohun tí ojú ń rí lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: bí ìrora bá ju egbò lọ, ẹ má dúró.

A fẹ́ sọ ohun kan níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ìwé kì í sọ. Ìwé òyìnbó a máa wí pé, "ẹ ó rí i tí awọ náà pọ́n." Lára ọmọ òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni. Lára ọmọ tiwa tí ó dú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá. Ó lè dú sí i, ó lè máa dán, tàbí kí ó má yí àwọ̀ padà. Nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí ó wú, kí ẹ tún fi kan irú ibẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí apá kan bá gbóná ju èkejì lọ, tí ó le koránkorán, tí ọmọ sì ń fà á sẹ́yìn nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, ó ti wọlé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé tí a kúrò níbẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ara ọmọ náà fúyẹ́. Ó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, ó sì ń ṣeré. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ibà tún dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà kò fẹ́ dìde. Bí wọ́n bá gbé e dúró, a ká ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè, a sì bú sẹ́kún. Ìyàwó náà kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ta ni ó sọ fún un? Màmá kan náà ni. Ó fọwọ́ kan itan ọmọ náà, ó sì yọwọ́ kíá.

"Èyí kì í ṣe olóde mọ́ o. Pọ̀n ọ́n, ká máa lọ. Ọ̀nà ni kí a ti máa wá owó."

A fẹ́ràn obìnrin àgbà yìí. Ó mọ ohun tí ó mọ̀, ó sì mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ pin sí.

Ní ọsibítù, wọ́n dá ọmọ náà dúró. Wọ́n fi omi sí i lára láti ojú iṣan, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ fún un ní oògùn apakòkòrò. Dókítà ní àárọ̀ àti alẹ́ ni àwọn yóò máa wo itan náà, pé bí ọyún bá gbá jọ níbẹ̀, àwọn yóò ní láti ṣí i. Wọn kò ní láti ṣí i. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò. Bí wọ́n bá ti dúró di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti yàtọ̀.

Ẹ kíyè sí ibà tí ó lọ tí ó tún padà yẹn. Ibà ṣíkínpọ́ọ̀sì kì í sábà kọjá ọjọ́ mẹ́rin. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ó rọlẹ̀ tí ó tún wá gbéra, nǹkan mìíràn ni ó ti dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ohun mìíràn tí ó ń gbé ọmọ dé ọsibítù ni àyà. Òtútù àyà lè tẹ̀ lé ṣíkínpọ́ọ̀sì. Ó wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà ju lára ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n kò yọ ọmọdé sílẹ̀. Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tí ihà rẹ̀ ń wọlé bí ó ti ń mí, ẹ má wá àgbo kiri. Ẹ gbé e lọ.

Omi ara sì tún ń gbẹ. Ìléròrò a máa yọ sínú ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun, ọmọ kò sì ní fẹ́ gbé nǹkan mì. Bí ọmọ kò bá tọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí kò rí omijé sun, omi ara rẹ̀ ti ń tán lọ.

Ọpọlọ náà ń kọ́? Nínú nǹkan bí ọmọ 4,000 tí ó ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì, ẹyọ kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí bí ó bá dìde rìn. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn òbí ti rò pé ó ti parí. Ó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń padà bọ̀ sípò. Èyí tí ó le ju ìyẹn lọ ni kí ọpọlọ fúnra rẹ̀ wú: orí ń fọ́ ọmọ gidigidi, ọrùn rẹ̀ le, ó ń sùn ṣáá tí a kò lè jí i dáadáa, tàbí gìrì mú un. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a fi ń di ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ MÁ ṢE fún ọmọ tí ó ń ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì ní aspirin. Aspirin àti àrùn yìí kì í rẹ́ lára ọmọdé. Wọ́n lè jọ ba ẹ̀dọ̀ ọmọ jẹ́, kí ọpọlọ rẹ̀ sì wú. Ọmọ a máa bì láìdáwọ́dúró, a máa sọ̀rọ̀ kántankàntan, a sì lè kú. Láti bí ọdún 1982 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn òbí. Ẹ má sì fún un ní ibuprofen, nítorí wọ́n ti rí i pé ó ń bá àrùn awọ líle yẹn rìn. Pàrásítámọ́ọ̀lù ni kí ẹ lò fún ibà, ní ìwọ̀n tí ó bá ọmọ náà mu. Bí ẹ bá ra oògùn ní kẹ́mísì, ẹ má gba èyí tí wọ́n dá pọ̀ sínú ọ̀rá láìsí orúkọ. Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ ní kí wọ́n gbé páálí rẹ̀ wá, kí ẹ ka orúkọ ara rẹ̀ fúnra yín.

Àwọn oògùn kan tún wà tí àwọn ènìyàn ń lò kí ara lè sanra, tàbí tí wọ́n ń dà mọ́ oògùn ara ríro. Wọ́n ń rẹ àwọn ọmọ ogun inú ara sílẹ̀. Bí ṣíkínpọ́ọ̀sì bá bá ọmọ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, ó lè ṣe é bí ọṣẹ́ ti í ṣe ojú. Bí dókítà ni ó fún ọmọ ní irú rẹ̀ fún àìsàn mìíràn, ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Ẹ lọ sọ fún dókítà náà lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti ẹmu tí Màmá ní kí wọ́n fi wẹ ọmọ, àwa kò rí àǹfààní rẹ̀. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò ta ni ó dára jù, lójoojúmọ́. Àwọn kan a ní ọmọ tí ó ní ìléròrò kò gbọdọ̀ wẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí ni ọ̀rẹ́ àwọn olè tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gé èékánná ọmọ kúrú, ẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ wọ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ fún un. Oògùn olómi kan wà ní kẹ́mísì tí ó dà bí ẹfun tí a po, tí ó pupa díẹ̀. Calamine ni orúkọ rẹ̀, ó ń dín yíyún kù. Bí ẹnu bá ń dun ọmọ, ẹ fún un ní ẹ̀kọ mímu tàbí ògì tútù, díẹ̀díẹ̀, léraléra. Ẹ má fi ìyẹ̀fun tàbí ewé gígún sójú egbò tí ó là.

Ó kù àwọn tí kò yẹ kí wọ́n dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ rárá. Ọmọ ìkókó wà nínú wọn, pàápàá èyí tí ìléròrò yọ sí ìyá rẹ̀ lára láti ọjọ́ márùn-ún kí ó tó bí i títí di ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ó bí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ ayé láìní ààbò kankan láti ara ìyá rẹ̀, ewu rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Aláboyún tí kò ṣe é rí náà wà níbẹ̀, àti ọmọ tí ó ní kòkòrò HIV, ọmọ tí ó ń gba ìtọ́jú fún jẹjẹrẹ, àti ọmọ tí àìjẹunre-kánú ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi ara òun gbẹ, nítorí ó lè fa ìrora egungun rẹ̀. Oògùn kan wà tí ó ń bá kòkòrò ṣíkínpọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ jà, acyclovir ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ bá rí i lò ní ọjọ́ kìíní tí ìléròrò yọ, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá di ọjọ́ karùn-ún, agbára rẹ̀ ti dín kù.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni? Ó wà. Dókítà ará Jàpáánì kan, Michiaki Takahashi, ni ó ṣe é. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì líle ní 1964, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn bàbá. Nígbà tí ó di 1974, ó ti ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1995. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn ni ó ń ṣe ṣíkínpọ́ọ̀sì níbẹ̀ lọ́dọọdún, ju 10,000 lọ nínú wọn ni wọ́n ń dá dúró sí ọsibítù, àwọn tí ó ń kú sì tó 100 sí 150. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n dá dúró yẹn, kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀; ọmọ tí ara rẹ̀ le ni wọ́n. Lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ náà kárí, ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá àrùn náà ni ó lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ falẹ̀. Ọdún 2025 ni ìjọba wọn kéde pé gbogbo ọmọ yóò máa gbà á láti oṣù kìíní ọdún 2026.

Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ yìí kò sí nínú àwọn tí ìjọba ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìgbà tí a ń kọ ìwé yìí. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ń fúnni, owó rẹ̀ sì kì í ṣe kékeré. A kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé kò rí i rà. Ẹni tí ó bá ní agbára, tí ó ní ọmọ tí ó ti pé ọdún kan, kí ó bi dókítà léèrè. A kì í fún aláboyún, a kì í sì í fún ẹni tí ọmọ ogun ara rẹ̀ ti rẹ̀ púpọ̀.

Bí ó bá wá di dandan kí ẹ gbé ọmọ lọ, ẹ má gbé e wọ àárín èrò tí ó jókòó ní ọsibítù. Ẹ dúró níta, kí ẹnìkan wọlé lọ sọ pé, "Ọmọ tí ó ní ìléròrò ni a gbé wá." Ó lè jẹ́ pé aláboyún tàbí ọmọ jòjòló wà láàárín èrò náà. Wọn yóò wá ibi ọ̀tọ̀ fún yín. Kí ẹ sì ti kọ nǹkan mẹ́ta sínú ìwé pélébé kí ẹ tó kúrò nílé: ọjọ́ tí ìléròrò kìíní yọ, gbogbo oògùn tí ọmọ ti lò pẹ̀lú àgbo, àti ìgbà tí ó tọ̀ kẹ́yìn. Dókítà yóò bèèrè wọn. Bí àyà yín bá ń já, ẹnu lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ìwé náà wà lọ́wọ́ yín.